O Kú Ewu: Ọ̀rọ̀ Àkọ́kọ́ ní Wọ́ọ̀dù Pàjáwìrì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kò tíì fi òwe yìí gba máàkì rí. Àwa olùkọ́ a kọ ọ́ sójú pátákó, a túmọ̀ rẹ̀, a ní kí ọmọ mẹ́ta fi í ṣe gbólóhùn, a sì kọjá sí òwe mìíràn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí òwe náà kì í ti í ṣe ohun ìdánwò mọ́, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Ibẹ̀ ni wọ́ọ̀dù pàjáwìrì ilé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n bá gbé ọ̀dọ́ kan wọlé tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Èmi kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, mo sì ti fi ọdún púpọ̀ gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Iṣẹ́ yìí ni ó mú mi bá akẹ́kọ̀ọ́ dé irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí a bá bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ kì í ṣe ìṣáájú ìtọ́jú, ara ìtọ́jú ni. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dára, ọmọ yóò la ẹnu, dókítà yóò sì mọ ohun tí ó ń tọ́jú. Bí kò bá dára, ọmọ yóò pa ẹnu dé, a ó sì máa fi oògùn gidi tọ́jú irọ́.

Òwe tí a fẹ́ràn àti igbe tí a jogún

Kí a tó dé ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Òwe kan wà tí a fẹ́ràn púpọ̀: ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àwọn tí ó pa òwe náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó fẹ́ jalè, ẹni tí ó fẹ́ dalẹ̀ ìlú, ẹni tí ó fẹ́ sá lójú ogun ni wọ́n ń bá wí, pé kí ó má ṣe hu ìwà tí yóò ta epo sí aṣọ àlà rẹ̀. Òwe ìkìlọ̀ ni, tí a ń pa kí nǹkan tó bàjẹ́. Kì í ṣe ìdájọ́ fún ẹni tí nǹkan ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n etí ọmọ ọdún 15 tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tàbí tí ó lóyún, tàbí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi àwòrán rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, kò lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun gbọ́ ni pé ẹ̀sín ti dé, ó ku ikú. Olùkọ́ tí ó bá kọ òwe yìí sójú pátákó, ó yẹ kí ó kọ èkejì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, èyí tí àwọn àgbà kan náà pa: bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò nínú lítíréṣọ̀ wa ni bíbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó ti ka Ọba Kòso, eré onítàn tí Dúró Ládípọ̀ kọ, mọ bí ìtàn Ṣàngó ṣe parí. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ìbànújẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ké e jáde pé ọba kò so. Ìgbàgbọ́ wà nínú igbe yẹn, èmi kò sì bá ẹlẹ́sìn kankan jiyàn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé àwa òbí àti alágbàtọ́ náà ní "ọba kò so" tiwa. Iwájú tábìlì káàdì ní ilé ìwòsàn ni a ti ń ké e. "Ó ṣèèṣì ni." "Kò mọ̀ pé oògùn ni." "Ó ṣubú ni." Ìfẹ́ ọmọ ni ó ń mú wa sọ bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù sì ń tì í lẹ́yìn.

Ohun tí ojú mi rí

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì SS2 ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré wá pè mí pé ó dùbúlẹ̀, kò sì dá àwọn lóhùn dáadáa. Èmi àti mátírọ́ọ̀nù gbé e sínú ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, bàbá rẹ̀ sì wá bá wa ní ilé ìwòsàn.

Ní bẹ́ẹ̀dì tí ó kángun sí tiwa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ọ̀kadà gbé ṣubú. Gbogbo ẹni tí ó kọjá níwájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó wá wo aláìsàn mìíràn, ni ó ń sọ pé, "Ẹ kú ewu o," tí ìyá rẹ̀ sì ń ṣe àmín. Nígbà tí ó kan tiwa, akọ̀wé tí ó ń kọ káàdì béèrè ohun tí ó ṣe ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ yára dáhùn pé, "Ó ṣèèṣì lo oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Ìrọ̀lẹ́ yìí náà ni." Nọ́ọ̀sì tí ó wà nítòsí wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àwọn tí ó ń wá ẹ̀mí kò rí i, ìwọ ń fi tìrẹ ṣeré. Ṣé o mọ iye tí bàbá rẹ ń san lórí rẹ?" Ọmọ náà yí ojú sí ògiri. Láti ìgbà náà, ìbéèrè yòówù tí wọ́n bi í, kò dáhùn mọ́.

N kò sọ pé ènìyàn búburú ni nọ́ọ̀sì náà. Láti àárọ̀ ni ó ti wà lórí ìdúró. Aláìsàn pọ̀, bẹ́ẹ̀dì kò tó, iná ń lọ, iná ń bọ̀. Ẹni tí ó ti ń bá ikú jìjàkadì láti àárọ̀ lè bínú sí ẹni tí ó dà bí ẹni pé ó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ikú wá. Ìbínú náà yé mi. Ṣùgbọ́n kò ran iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ òru gba iṣẹ́, nọ́ọ̀sì àgbà kan dé ọ̀dọ̀ wa. Ó fa kọ́tìnnì yí bẹ́ẹ̀dì náà ká. Ó fa àga kan, ó jókòó, kí ojú òun àti ojú ọmọ náà lè ṣe déédéé. Ó ní, "O kú ewu, ọmọ mi."

Mo rí i tí ọmọ náà yí ojú kúrò lára ògiri.

Obìnrin náà bẹ bàbá pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó pè yín." Ó ní kí èmi dúró, nítorí ọmọ náà di etí ìró mi mú. Ó béèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé. Ó sọ fún un pé ohun yòówù tí ó bá sọ, ìtọ́jú ni àwọn yóò fi ṣe, àwọn kò ní fi ṣe ẹjọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá béèrè ìbéèrè náà gan-an, láìfi òwe bò ó: "Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "N kò mọ̀, mà. Mo kàn fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró ni."

"Ohun tí ó ń dùn ọ́ ni o fẹ́ kí ó dáwọ́ dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó yé mi. Aago mélòó ni o lo nǹkan náà?"

Àárọ̀ ni, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́sàn-án ni ó wà láàárín òótọ́ àti ohun tí bàbá kọ́kọ́ sọ. Nọ́ọ̀sì náà dìde, ó lọ pe dókítà, wọ́n sì yí ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe padà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí wákàtí fi ṣe pàtàkì. Oògùn wà tí ó jẹ́ pé aago tí ènìyàn lò ó ni dókítà fi ń ka àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí ó sì fi ń pinnu ohun tí yóò fún un. Ó wà tí ara ẹni náà lè balẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, tí gbogbo ilé yóò máa dúpẹ́ pé kò ṣe nǹkan, kí ẹ̀dọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣe ara rẹ̀ léṣe gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó yá. Òótọ́ tí a bá sọ níbẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí là bí oògùn. Ṣùgbọ́n òótọ́ kì í jáde ní ẹnu ẹni tí a ti kọ́kọ́ nà ní pàṣán ọ̀rọ̀.

Ọmọ náà yè. Ibi tí ó wà lónìí, òun ni ó ni ìtàn yẹn, n kò ní bá a sọ ọ́.

Òfin tí ó ń pa ẹnu mọ́

Kí ni bàbá náà ń bẹ̀rù? Ó ń bẹ̀rù ẹ̀sín, ó sì ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Ìbẹ̀rù kejì yìí ní ìpìlẹ̀. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ fún wa ní 1916 ní abala kan, abala 327, tí ó sọ pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ jẹ̀bi, ó sì lè ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Láti òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn bọ́ ẹ̀wù náà sọ nù ní 1961, ọdún kan péré lẹ́yìn tí a gba òmìnira, àwa sì wọ tiwa lọ. Ilẹ̀ Ghana, tí ó jogún irú òfin kan náà, pa á rẹ́ ní 2023.

Kì í ṣe pé a jókòó lásán. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ṣì pe ìgbìyànjú yìí ní ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni ó ní kí adájọ́ rán ẹni náà lọ. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè, ti 2014, sọ ní abala 20 pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ìdí yòówù. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń wo aláìsàn ọpọlọ bí ẹni tí a kàn ní láti tì mọ́lé. Òfin tuntun náà sọ nípa ẹ̀tọ́ aláìsàn, ṣùgbọ́n kò pa abala 327 rẹ́.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí ní iwájú tábìlì káàdì. Òfin 2014 ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí ó tọ́jú ọmọ náà, òfin 1916 sì ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí ó purọ́. Òfin tí ó yẹ kí ó dẹ́rù ba ikú wá ń dẹ́rù ba òtítọ́.

Bí ìtọ́jú náà ṣe yẹ kí ó rí

Àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú London, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣe. Òun ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìlànà kan wà tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ tí wọ́n ń pè ní NICE, èyí tí ó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn ilé ìwòsàn England, gbé e jáde ní 2004, wọ́n sì tún un ṣe ní 2022.

Ìlànà àkọ́kọ́ rọrùn: kí a tọ́jú ẹni tí ó ṣe ara rẹ̀ léṣe pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti àánú kan náà tí a ó fi tọ́jú aláìsàn mìíràn. Ìwé ti 2004 tilẹ̀ ní láti sọ ọ́ ní tààrà pé bí a bá fẹ́ rán ọgbẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí a fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó mọ ìrora. Ohun tí ó hàn gbangba ni wọ́n kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn aláìsàn ti ròyìn pé a kì í ṣe é fún àwọn nígbà mìíràn. Ojú burúkú kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan.

Ìlànà kejì ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jókòó ti ọmọ náà, kí ó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí ó ń rò nísinsìnyí, ẹni tí ó ní nílé, ohun tí ó ń jẹ́ kí ó fẹ́ wà láàyè. Kò yẹ kí a ní ó di ìgbà tí a bá tọ́jú ara tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ èyí, bí ara ọmọ náà bá ti lè gbà á. Ìwé ti 2022 tún sọ pé kí a má ṣe fi fọ́ọ̀mù olókùúta máàkì díwọ̀n ẹni tí yóò tún ṣe é àti ẹni tí kò ní ṣe é, nítorí máàkì kò mọ ọjọ́ ọ̀la. Ènìyàn ni kí a fetí sí.

Ìlànà kẹta jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Ìwé ti 2004 sọ pé ó yẹ kí ọmọ tí ó ṣe ara rẹ̀ léṣe sun ilé ìwòsàn mọ́jú ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, kí a sì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ kejì kí ó tó lọ sílé. Ìwé ti 2022 fi kún un pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìyà ṣe ìtọ́jú, àti pé bí ẹ̀rù ọmọ náà bá ṣì ń ba àwọn olùtọ́jú, kí wọ́n tún kàn sí i láàárín wákàtí 48.

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá béèrè nípa ikú lọ́wọ́ ọmọ, a ó gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ìwádìí ti fi hàn léraléra pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò ní èrò náà yóò sọ pé òun kò ní in. Ọmọ tí ó ní in yóò rí i pé ẹnì kan lè gbọ́ orúkọ ẹrù tí òun ń dá gbé láìsá fún un. Àwọn kan yóò tún sọ pé ojú ayé ni ọmọ náà ń ṣe. Ẹni tí ó ń rì sómi tí ó na ọwọ́ sókè, ṣé ojú ayé ni ó ń ṣe? Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ tí ó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe ni ó fẹ́ kú. Fún àwọn kan, ìrora ara ni wọ́n fi ń pa ìrora ọkàn lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n a kò lè mọ ìyàtọ̀ nípa wíwo ojú, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè mọ̀ ọ́n nípa wíwo bí ọgbẹ́ ṣe tóbi tó.

Ọ̀rọ̀ tí kò náni lówó

Mo mọ èsì tí àwọn òǹkàwé kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lówó, àwa kò ní. Ẹ jẹ́ kí n mú yín kúrò ní London nígbà náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí kan, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Wọ́n ṣe é ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì ìlú márùn-ún: Campinas ní Brazil, Chennai ní Íńdíà, Colombo ní Sri Lanka, Karaj ní Ìráànì àti Yuncheng ní Ṣáínà. Àwọn ènìyàn 1,867 tí ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn ni ó wọ inú rẹ̀. Apá kan gba ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Apá kejì gba ìtọ́jú náà, wọ́n sì tún gba nǹkan méjì mìíràn: ìjókòó bíi wákàtí kan pẹ̀lú ẹni tí yóò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún wọn kí wọ́n tó lọ sílé, àti ìbẹ̀wò tàbí ìpè fóònù mẹ́sàn-án láàárín oṣù 18.

Nígbà tí oṣù 18 pé, àwọn tí ó ti pa ara wọn ní apá àkọ́kọ́ jẹ́ ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní apá kejì, ìdá 0.2 ni. Kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ, wọ́n sì tún pe ènìyàn padà láti béèrè pé, "Báwo ni ara?" Ọ̀rọ̀ rere yọ obì lápò ní ìlú márùn-ún tí kò gbọ́ èdè wa.

Ní 2018, wọ́n tẹ ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ológun àtijọ́ tí wọ́n gbé wá sí wọ́ọ̀dù pàjáwìrì. Wọ́n bá apá kan nínú wọn kọ ètò ààbò sórí ìwé kí wọ́n tó lọ sílé, wọ́n sì tún ń pè wọ́n lórí fóònù. Ní oṣù mẹ́fà, iye àwọn tí ó tún gbìdánwò láàárín wọn fi nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù. Ewé ìwé kan ṣoṣo ni ètò náà. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí a ó kọ: àmì tí òun fi ń mọ̀ pé ọkàn òun ti ń wúwo, ohun tí òun lè ṣe láti rọ̀ ọ́, ibi tí òun lè lọ jókòó láàárín ènìyàn, ẹni tí òun lè pè, dókítà tí òun lè rí, àti bí àwọn ará ilé yóò ṣe kó ohun eléwu kúrò nítòsí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ lè kọ ọ́ ní Yorùbá.

Ohun tí ó gbẹ̀yìn nínú ètò náà kì í ṣe kékeré. Ìrònú ikú máa ń dé bí ìjì, ó sì máa ń kọjá bí ìjì. Bí ohun eléwu bá jìnnà ní wákàtí yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò yè. Ilẹ̀ Sri Lanka fòfin de àwọn oògùn apakòkòrò tí ó le jù, iye àwọn tí ó ń pa ara wọn níbẹ̀ sì fi ohun tí ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ dínkù láàárín 1995 sí 2015. Ní 2019, àjọ NAFDAC náà fòfin de títa irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan nínú ìgò kékeré nílẹ̀ wa. Òbí tí ó ń mú ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti ilé ìwòsàn lè ṣe tirẹ̀: kí ó ti oògùn mọ́ inú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ àgbà.

Bí ọmọ bá padà sí ilé-ẹ̀kọ́

Ìtọ́jú kì í parí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Adéoyè Lambo mọ èyí. Ní Arò, ní Abẹ́òkúta, láti 1954, ó ṣètò pé kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ará ilé wọn kan, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójú ọjọ́, kí wọ́n sì padà sáàárín ènìyàn. Gbogbo ayé ni ó wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ohun tí ó rí ni pé àárín àwọn tí kò sá fún un ni ọkàn ènìyàn ti ń sàn.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni abúlé àwọn ọmọ wa. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ẹ jẹ́ kí ó wo iwájú. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ó má di pé a ń fi ìtàn ọmọ náà ṣe àpẹẹrẹ lójú àpéjọ òwúrọ̀. Kí olùkọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ náà fẹ́ràn máa béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó sì mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Bí àpẹẹrẹ, ẹgbẹ́ SURPIN ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, iṣẹ́ yìí ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ọ̀rẹ́ yín bá sọ fún yín pé òun fẹ́ ṣe ara òun léṣe, tí ó sì ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún àgbà tí ẹ fọkàn tán. Ọ̀rẹ́ tí ó bínú sí yín ṣì lè rẹ́rìn-ín sí yín lọ́la. Iye àwọn tí ó pa ara wọn káàkiri ayé ní 2021 lé ní 720,000, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á, òun sì ni ohun kẹta tí ó pa ènìyàn jù láàárín àwọn tí ó wà ní ọdún 15 sí 29. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí bẹ́ńṣì tí ẹ jókòó lé.

Èdè wa kò tilẹ̀ ṣaláìní ohun tí a lè sọ. Èdè tí ó ní ìkíni fún ẹni tí ó jókòó, fún ẹni tí ó dúró, fún ẹni tí òjò pa, ní ìkíni fún ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ikú. A ń sọ ọ́ fún ìyá ìkókó, a ń sọ ọ́ fún ẹni tí ọkọ̀ dànù pẹ̀lú rẹ̀. A kì í kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún bóyá ẹ̀bi rẹ̀ ni ọkọ̀ fi dànù. Ẹ jẹ́ kí a fi ìkíni yìí rọ́pò "Ìyà rẹ ni o fẹ́ fi jẹ ìyá rẹ," kí a fi rọ́pò "Kí ni o rí lọ́bẹ̀ tí o fi waaro ọwọ́?", kí a sì fi rọ́pò "Ọlọ́run kò ní dárí jì ọ́." Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí a béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí a sì dákẹ́ gbọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ tí ó ń ka èyí ni ọkàn rẹ wúwo bẹ́ẹ̀, wá àgbà kan tí kò le lójú, kí o sọ fún un lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí o bá ti ṣe ara rẹ léṣe, jẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí, kí o sì sọ òótọ́ nípa ohun tí o lò àti aago tí o lò ó. O kò dàlẹ̀ ẹnikẹ́ni. O kú ewu.